Igba Ojú Tí Ń Wo Ọmọ Èkó

Ọlidé gígùn àwọn ọmọ iléèwé ní Èkó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù keje, á sì wọ inú oṣù kẹsàn-án. Àárín òjò méjì ló bọ́ sí. Òjò ńlá oṣù kẹfà ti ń palẹ̀ mọ́, ti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá kò tíì dé, oṣù kẹjọ sì dúró láàárín wọn pẹ̀lú ojú ọ̀run tó ṣú, atẹ́gùn tútù àti òjò wínníwínní. Àsìkò yìí gan-an ni àwọn òbí tó rí jájẹ, àti àwọn tó fẹ́ jọ wọ́n, ń pè ní sọ́mà. Ọmọ ọdún mẹ́rin á wọ ṣòkòtò péńpé tí wọ́n ya ọ̀pẹ sí lára, á dé fìlà etí gbàràgàdà, á fi dígí dúdú bojú lábẹ́ òjò. Súwẹ́tà ń bẹ nínú báàgì. Tí wọ́n bá ya fọ́tò tán, wọ́n á wọ̀ ọ́ fún un.

Ohun méjì ló ń gba ọlidé náà mọ́ ọmọ kékeré lọ́wọ́. Èkíní ni òde lílọ. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní "play date": ìyá méjì á jọ dá ọjọ́ àti aago tí ọmọ wọn máa fi ṣeré pọ̀. Orí WhatsApp ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà, Mọ́mì Ìbejì. Àwọn ọmọ ń bèèrè ara wọn o. Ṣé Sátidé máa rọ̀ yín lọ́rùn?" Mọ́mì Ìbejì á lọ wo ìwé ètò tó lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Mọ́ńdè ni dùùrù, Túsìdeè ni kíkọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, Wẹ́sìdeè ni kọ̀ǹpútà, Tọ́sìdeè ni èdè Faransé fún ọmọ tí kò tíì lè fi Yorùbá kí ìyá bàbá rẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀ kò yọ. Ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ló ṣeé ṣe, láti aago mẹ́ta sí márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ìwé òfin á tẹ̀lé e: ọmọ kì í jẹ ẹ̀pà, kì í mu ohunkóhun tó ní ṣúgà, kò gbọdọ̀ tẹ iyanrìn, kò gbọdọ̀ wo tẹlifíṣọ̀n kọjá ìdajì wákàtí. Ọmọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti jẹ iyanrìn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Lọ́nà Lẹkí sí Ẹ̀pẹ́ ni ètò yìí ti ń fara hàn jù, níbi tí àwọn ẹ́sítéètì ti kẹ̀yìn síra wọn, tí géètì kálukú sì dojú kọ ọ̀nà tirẹ̀. Ọmọ méjì wà níbẹ̀ tí ẹ̀yìnkùlé wọn pàdé. Ògiri búlọ́ọ̀kù kan ló là wọ́n láàárín, wáyà oníná wà lórí rẹ̀, ihò kan sì wà nísàlẹ̀ tí àgbàrá ń gbà jáde. Ojú ihò yẹn ni wọ́n ti ń ti bísíkíìtì síra wọn, tí ọ̀kan á dọ̀bálẹ̀, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀, kó lè rí ìka ẹsẹ̀ èkejì. Ọ̀rẹ́ wọn ti wọra kí àwọn ìyá wọn tó mọ̀ pé wọ́n mọra.

Nígbà tí Sátidé tí wọ́n dá pé, dírẹ́bà gbé ọ̀kan sínú jíìpù, wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ ọn, wọ́n jáde ní géètì, wọ́n bọ́ sí márosẹ̀, wọ́n lọ yípo lókè lọ́hùn-ún, wọ́n kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wọ́n sì dé géètì kejì. Ẹ̀ṣọ́ ní kóòdù tí wọ́n mú wá kò ṣiṣẹ́ mọ́, aago mẹ́ta ló mọ. Wọ́n pe ìyá onílé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lọ. Ọmọ sùn sínú mọ́tò. Ìgbà tí wọ́n fi máa rí ọ̀nà wọlé, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago márùn-ún lù. Àwọn ọmọ méjèèjì wo ara wọn títí bí ẹni tí kò dá ara wọn mọ̀ rí, lẹ́yìn náà wọ́n sáré lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n dọ̀bálẹ̀ nídìí ihò wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni lódìkejì tó máa gba bísíkíìtì. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́kún. Ní alẹ́, ìyá onílé kọ ọ́ sórí WhatsApp pé àwọn ọmọ gbádùn ara wọn gan-an ni, ó sì fi àwòrán ọkàn pupa mẹ́ta tì í.

Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Bàbá àti ìyá nìkan kò lè tọ́ ọmọ, gbogbo àdúgbò ló ń bá wọn ṣọ́ ọ. Wọ́n máa ń fẹ̀sùn kan àwọn òbí òde òní pé wọ́n ti gbé òwe yìí sọ nù. Irọ́ ni. Kò sí ìran tó tíì mú un ṣẹ tó tiwọn. Ọmọ jí, ó ti wà lórí Instagram. Ọmọ fọ eyín, ó ti wà lórí sítétọ́ọ̀sì. Kámẹ́rà kan wà lójú géètì, òmíràn wà ní pálọ̀, òmíràn wà lókè ibùsùn ọmọ, tí ìyá ń gba ojú fóònù wò láti ọ́fíìsì rẹ̀ ní Marina. Àwọn tí wọ́n jọ jáde yunifásítì, tí wọn kò fojú kan ara wọn mọ́ láti ọdún gbọọrọ, mọ iye eyín tó ti ká lẹ́nu ọmọ náà. Igba ojú ti di ẹgbẹ̀rún ojú. Àbùkù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé nínú gbogbo wọn, kò sí ojú kan tó ní ọwọ́ tí yóò fi nu imú ọmọ.

Igba ojú àtijọ́ ní ọwọ́, ó sì ní ẹnu. Nínú agbo ilé, àti nínú ilé oníyàrá kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ ní Mushin àti Ṣómólú, ọmọ tó bá gun ògiri á gbọ́ ohùn láti ojú fèrèsé bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà: "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀? Jẹ́ kí ìyá ẹ dé!" Ní àwọn ẹ́sítéètì tí ìjọba Gómìnà Lateef Jakande kọ́ fún mẹ̀kúnnù láàárín 1979 sí 1983, àlàfo tó wà láàárín ilé kan sí èkejì ni bojúbojú, ten-ten, sùwé àti bọ́ọ̀lù ti ń wáyé. Ẹnikẹ́ni kì í dá ọjọ́. Súfèé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, ó sì ń parí nígbà tí ẹni tó ni bọ́ọ̀lù bá fi ìbínú gbé e lọ sílé. Igba ojú ọ̀hún kì í ṣe áńgẹ́lì o: ó ń ṣòfófó, ó ń na ọmọ ọlọ́mọ, ó sì ń ka iye ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ó wà nítòsí.

Òde lílọ ni apá tó ń náni lówó jù, kì í sì í ṣe pé Èkó kò ní ibi tó ṣeé lọ. Igbó Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, gba héktà 78. Afárá tó gba òkè igi kọjá nínú rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2015, gùn tó mítà 401. Afárá yìí ni òbí tìtorí rẹ̀ wá. Ọmọ ní tirẹ̀ ti rí ọ̀wọ́ èèrà tó ń wọ́ ìyẹ́ labalábá lọ lójú ọ̀nà, ó ti lóṣòó tì í, kò sì ní dìde. Ìyẹ́ yẹn ń ṣẹ́rí sọ́tùn-ún, ó ń ṣẹ́rí sósì, ó há sábẹ́ ewé, èèrà mìíràn sì dé láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Kò sí ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ nínú igbó náà. Wọ́n á fa ọmọ lọ́wọ́ dìde, á máa ké, wọ́n á gbé e gun afárá, á máa ké, wọ́n á ya á ní fọ́tò lórí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan tó fi dákẹ́ láti mí. Fọ́tò ọ̀hún ni ayé máa rí.

Ní Mùsíọ́ọ̀mù Orílẹ̀-èdè ní Oníkàn, tó ti ń gba àlejò láti 1957, mọ́tò Mercedes tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí orílẹ̀-èdè nígbà náà, sínú rẹ̀ ní oṣù kejì 1976 wà níbẹ̀, ihò ọta sì ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún á na ìka sí i, á ní, "Ta ló lu ihò yẹn?" Ìbéèrè tó dáa jù tí ẹnikẹ́ni máa bèèrè nínú gbogbo ọlidé náà nìyẹn. Èsì tó ń rí gbà ni pé kó yára, wọ́n ṣì ń lọ sí mọ́ọ̀lù.

Nínú mọ́ọ̀lù, ilé rọ́bà aláfẹ́fẹ́ wà tí àwọn ọmọdé ń fò lórí rẹ̀, kòtò kan wà tí wọ́n da bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ kún, aago ni wọ́n sì fi ń gba owó rẹ̀. Ọmọ tó ti jókòó láti Mọ́ńdè dé Fúráìdeè, nínú kíláàsì ọlidé, nínú mọ́tò, nídìí tábúlẹ́ẹ̀tì, ni bàbá rẹ̀ ń sanwó fún ní Sátidé kó lè rí ibi sáré. Òkun pàápàá ti wọ géètì. Bar Beach tí tolówó tòtòṣì ń lọ nígbà Àjíǹde àti Kérésì ti bá ìlú tuntun Eko Atlantic lọ. Ní ọ̀pọ̀ etíkun tó kù, owó ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Olókun kò rí kọ́bọ̀ gbà nínú rẹ̀.

Ọwọ́ tó ń nu imú ọmọ wà lóòótọ́, àmọ́ kì í hàn nínú fọ́tò. Ọwọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọbìnrin tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì dàgbà ni, tí wọ́n mú wá láti abúlé, láti Bẹ̀nẹ̀ tàbí láti Tógò. Òun ló gbé báàgì, ló di agbòòrùn mú, ló kó bàtà ọmọ méjì dání. Bí àwọn ọmọ ti ń fò lórí ilé rọ́bà, á dúró sídìí okùn, orí rẹ̀ á máa lọ sókè sódò tẹ̀lé wọn, ẹ̀rín á sì yọ lẹ́nu rẹ̀ láìmọ̀, títí Madam á fi pè é pé kí ló ń wò. Tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n á ní kó sún díẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, sọ pé ọmọdé ni ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Àwọn ìyá tó ń ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí bísíkíìtì kí ọmọ wọn tó jẹ ẹ́ kò ka ìyẹn. Ká mú ọmọ kan wá ṣọ́ ọmọ mìíràn níbi eré, ká sì ní kó má ṣeré, ìkà ni. Kò sí àdàpè fún un.

Ibi tí wọ́n ti kó àṣà play date wá, ó nídìí. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Peckham ní London, tí ìyá rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú, tí kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lókè orí rẹ̀, kò lè ṣe kó má dá ọjọ́ kí ọmọ rẹ̀ tó rí ọmọ bíi tirẹ̀. Oòrùn ibẹ̀ kì í wọ̀ ní ìparí oṣù keje títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, páàkì gbogboogbò sì wà tí wọn kì í gbowó ẹnu ọ̀nà. Àdúgbò ló ń fi play date wá. Ní Èkó, àdúgbò ni wọ́n ń fi í sá fún.

Síbẹ̀, òbí Èkó kì í ṣe òmùgọ̀ lásán. Gbọ́mọgbọ́mọ wà. Ọlọ́kadà tó ń gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ wà. Gọ́tà tí kò ní ìdérí wà, òjò á sì bò ó mọ́lẹ̀ tí kò ní hàn mọ́. Àwọn ọmọ Mushin àti Agége tó ṣì ń fi òkúta méjì méjì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ńkí póòsì láàárín títì náà ń kó sínú gọ́tà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin kó lè sọdá Afárá Third Mainland kí ilẹ̀ tó mọ́, tó jẹ́ pé ojú oorun ló ń bá ọmọ nígbà tó bá padà dé, ní ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Tó bá wá rí Sátidé kan ṣoṣo, á fẹ́ kó gbogbo ohun tó jẹ ọmọ ní gbèsè láti January san lọ́jọ́ náà: igbó, mùsíọ́ọ̀mù, mọ́ọ̀lù, áísìkiriìmù, ó tán. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, òun àti ọmọ á jọ sùn lórí àga pálọ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa ya ìyẹn ní fọ́tò.

Oṣù kẹsàn-án ni gbogbo rẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Tíṣà á ní kí ọmọ kó ohun tó ṣe ní ọlidé wá nínú ìwé alápèjúwe, àwọn òbí á sì jókòó títí òru ọjọ́ Sọ́ńdè láti tẹ fọ́tò jáde, láti gé e, láti lẹ̀ ẹ́, àti láti fi ọwọ́ òsì kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ kó lè jọ ìkọ̀wé ọmọdé. Máàkì máa ń pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan ń gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Gírúùpù orí WhatsApp tí wọ́n pè ní Summer Mums kì í túká. Wọ́n á kàn yí orúkọ rẹ̀ padà sí Christmas Mums, ẹnìkan á sì bèèrè èló ni Bàbá Kérésì ń gbà lọ́dún yìí.