Èlírí Nínú Ìtẹ́ Òkété

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí ti wo èlírí lábẹ́ ebè, wọ́n ti wo òkété lẹ́nu ihò, wọ́n sì rí i pé kò sí èyí tó ń fi ilé ṣe fáàrí nínú àwọn méjèèjì. Eku kì í yáwó kọ́lé. Kì í yọjú wo ihò aládùúgbò kó tó gbẹ́ tirẹ̀. Bó bá ti ríbi yí ara padà, tó ríbi kó èkùrọ́ pamọ́ sí, ilé parí nìyẹn. Ohun táwọn àgbà ò rí ṣáájú ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èlírí á gba ilé òkété, á so iná aláwọ̀ méje mọ́ gbogbo igun rẹ̀, á gbé kámẹ́rà kalẹ̀, á wá figbe ta pé kí gbogbo ayé wá wo òun bí òun ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù nínú kọ̀ǹpútà. Èrò á dé lóòótọ́. Wọ́n á lajú sílẹ̀ títí, wọn ò ní mọ èwo ni bọ́ọ̀lù, èwo ni orí agbábọ́ọ̀lù.

Àwọn tí mò ń bá wí mọ ara wọn: àwọn ọ̀dọ́ wa, láti Ṣúrùlérè dé Bódìjà, tó ń gbá géèmù láìfù kí aráyé lè máa wò wọ́n. N ò sọ pé kí wọ́n má ṣe é. Owó wà níbẹ̀. Lọ́dún 2007, ní San Francisco, Justin Kan so kámẹ́rà mọ́ fìlà, ó gbé kọ̀ǹpútà sínú báàgì ẹ̀yìn, ó sì ń fi nẹ́tíwọ̀kì fóònù gbé ìgbésí ayé rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru. Justin.tv tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ló bí Twitch, ibi táwọn èèyàn ti ń wo géèmù láìfù, lọ́dún 2011, nígbà tó sì di 2014, Amazon ra Twitch ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 970 dọ́là. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọkùnrin yẹn dáadáa. Kò dúró de nẹ́tíwọ̀kì ńlá kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì purọ́ pé òun ní i. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi ṣe é.

Ọmọ ayálégbé kan wà nísàlẹ̀ ilé wa. Ọmọ gidi ni, ó mọ èèyàn kí, ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Àga tó fi ń gbá géèmù ní ìrọ̀rí ọrùn, ó ní ìrọ̀rí ẹ̀yìn, ó tún ní ibi ìgbápálé tó ń lọ sókè sódò. Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń tàn wìnnìwìnnì. Iná róbótó kan dúró síwájú rẹ̀, irú èyí táwọn tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù ń lò. (Kí n má purọ́ mọ́ iná yẹn, ó wúlò: inú òkùnkùn ni kámẹ́rà ti máa ń rí wóróbo tí kò sí níbẹ̀, dátà á sì máa ṣòfò lé wóróbo lórí.) Àmọ́ kọ̀ǹpútà tó wà láàárín gbogbo ẹ̀ṣọ́ yìí, tòkunbọ̀ ni. Ojú rẹ̀ kò ju 1366 sí 768 lọ. Ibi tí wàhálà sì wà gan-an, kò sẹ́ni tó lè fi iná ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, nítorí kò ṣeé fojú rí.

Nígbà tó pè mí wá wò ó, nẹ́tíwọ̀kì ló kọ́kọ́ fi hàn mí. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó, 40!" Lóòótọ́, 40 wà níbẹ̀ gàdàgbà. Mo ní kó ka èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún mi. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo tún un sọ. "3.8, sà."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í bá wọn dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbọ́: megabit 40 lohun tó lè wọlé láti íntánẹ́ẹ̀tì wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 3.8 lohun tó lè jáde. Àwọn tó ń ta dátà mọ̀ pé gbígbà la máa ń gbà ju ká fi ránṣẹ́ lọ, wọ́n wá fẹ ọ̀nà àbáwọlé, wọ́n fi ọ̀nà àbájáde sílẹ̀ tóóró. Ẹni tó fẹ́ wo fíìmù ló lè máa yangàn pẹ̀lú 40. Ẹni tó fẹ́ kí ayé wo òun, 3.8 ni gbogbo ọrọ̀ rẹ̀. Kì í tún ṣe òun nìkan ló ni ín. Ìyá rẹ̀ wà ní pálọ̀, ó ń fi fídíò àdúrà òwúrọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo gúrúùpù WhatsApp tó wà, inú 3.8 yẹn náà ló ti ń bù ú. Bílẹ̀ bá ṣú, tí àdúgbò dé látibi iṣẹ́, 3.8 náà fúnra rẹ̀ á tún já wálẹ̀.

Kí ni ọmọ yìí wá kọ sínú OBS, ètò kọ̀ǹpútà tó fi ń gbé láìfù jáde? Ó kọ 1920 sí 1080, àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bitrate (iye kilobit tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan) 6,000. Bó ṣe gbọ́ ọ nìyẹn lẹ́nu ọmọ Amẹ́ríkà kan tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì wọ yàrá rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ò tó gẹ̀lẹ̀tẹ̀ kì í mí fìn-ìn. 3.8 yẹn, kilobit 3,800 ni: 3,800 ló ní, 6,000 ló fẹ́ ná. Ó tẹ bọ́tìnnì, àwòrán gan pa. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wọn gbà á nímọ̀ràn pé kó dín bitrate kù sí 3,000, ó sì dín in kù. Àwòrán rìn. Ṣùgbọ́n ó wá ṣú bàìbàì, torí bitrate nìkan ló dín kù, kò fọwọ́ kan 1080, kò fọwọ́ kan 60.

Ẹni tó gbé aṣọ tó tó dáńṣíkí lọ fún télọ̀, tó ní agbádá lòun fẹ́, télọ̀ lè rán an fún un o, àmọ́ á na aṣọ náà títí ara á fi máa hàn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwòrán 1080 kan ní àmì kéékèèké 2,073,600 nínú. Bí irú rẹ̀ 60 bá ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmì náà lé ní mílíọ̀nù 124. Pín bit 3,000,000 sáàárín wọn: nǹkan bí àmì 41 lá jọ máa pín bit kan ṣoṣo. Ìyà wo ló tún ju èyí lọ? Bó bá jẹ́ 720 (1280 sí 720) ló mú, tó fi àwòrán 30 ṣe é, àmì náà kò ní pé mílíọ̀nù 28. Bó bá tiẹ̀ ná 2,500 péré, tó fi ìyókù sílẹ̀ fún àdúrà ìyá rẹ̀, àmì 11 lá máa pín bit kan. Aṣọ ò pọ̀ sí i, ẹ̀wù ló kéré sí i.

Ìdí tó fi jẹ́ pé kóríko pápá inú géèmù ló kọ́kọ́ ń pòórá bí bit ò bá tó náà nìyí. Bá a bá ní ká fi 1080, àwòrán 60, ránṣẹ́ láìdín nǹkan kan kù nínú rẹ̀, á gba nǹkan bíi bílíọ̀nù bit mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ilé tó ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, H.264, ọgbọ́n ìfúnpọ̀ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2003 tí ọ̀pọ̀ láìfù ṣì ń lò dòní, á gé àwòrán sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, àmì 16 ní gígùn, 16 ní fífẹ̀. Á wá wo èyí tó yí padà látorí àwòrán tó ṣáájú, èyí nìkan lá fi ránṣẹ́. Nígbà tí ọmọ wa bá ń yan agbábọ́ọ̀lù, tí ohun gbogbo dúró jẹ́ẹ́, iṣẹ́ kò pọ̀, àwòrán á mọ́ rekete. Ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù gbéra, kí kámẹ́rà inú géèmù sáré tẹ̀ lé e, gbogbo ewé kóríko pápá ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bit ò tó. Kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í ju nǹkan nù: á ju kóríko, á ju nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì, á ju ojú èèyàn, níkẹyìn àwọn igun mẹ́rin yẹn nìkan lá kù tá a máa wò. Géèmù ìbọn àti ti inú igbó tún burú ju bọ́ọ̀lù lọ.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ yẹn náà ń bẹ nílẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tó ní 1366 sí 768 ni wọ́n ń nà dé 1920 sí 1080. Àmì mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ ló ní, mílíọ̀nù méjì ló ń fi ránṣẹ́. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì nínú ohun tó ń fi bit tí kò ní ránṣẹ́ yìí, àròsọ kọ̀ǹpútà ni. Ó ń sanwó ọkọ̀ fún irọ́.

Mo sọ fún un pé kó bọ́ sí 720. Ẹ ò rí ojú tó fi wò mí. "Bọ̀ọ̀dá, 720? Ṣé kí wọ́n máa pè mí lára oko ni?" Mo wá rí i pé 1080 kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwòrán rárá. Oyè ni. Ó ti kọ ọ́ gàdàgbà sórí fọ́tò láìfù rẹ̀, pẹ̀lú iná tó ń jó lápá ọ̀tún. Àwọn tó ń wò ó ń kọ̀wé sí i nísàlẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kùrukùru bo pápá ni?" Èsì rẹ̀ ni pé kí wọ́n lọ ra fóònù tó dáa. Bó bá sú u, á di ẹ̀bi ru okùn abẹ́ òkun. Òótọ́ ni pé ní oṣù Kẹta 2024, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 jọ bàjẹ́ nítòsí Abidjan, gbogbo wa la sì jẹ nínú ìyà ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n okùn abẹ́ òkun kọ́ ló kọ 1080 sínú OBS.

Kì í ṣe pé ó ń purọ́ fún wọn o. Lójú tirẹ̀, àwòrán mọ́! Géèmù tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ gan-an ló ń wò, kì í ṣe ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Nínú gbogbo èrò tó wà nídìí láìfù yẹn, òun nìkan ni kò tíì wo láìfù náà rí.

Àwọn tó ń gbá géèmù ò dá nìkan wà nínú rẹ̀. Mélòó nínú ìgbéyàwó tá a gbé sí láìfù ló ti lọ báyìí? Kámẹ́rà mẹ́rin, ẹ̀rọ tó ń fò lókè, Wi-Fi kan ṣoṣo tí gbogbo àlejò ń pín lò, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ní Peckham á wọ gèlè jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tí ìyàwó bá ń jó wọlé gan-an ni àwòrán á di páálí.

Àwọn kan á ní òwe òtòṣì lòwe ìwọ̀n eku, pé ẹni tí kò bá ṣe ju ara rẹ̀ lọ kò ní dàgbà. Mo gbọ́. Àmọ́ eku tó bá sanra á fẹ ihò rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó tíì rí ihò tó sọ èlírí di òkété. Lọ́jọ́ tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì bá wọ àdúgbò wa, tí ohun tó ń jáde di 20, kó gbé 1080 gùn, èmi gan-an á pàtẹ́wọ́. Ìgbà yẹn náà, kó rántí pé 6,000 ni Twitch ní káwọn èèyàn fi mọ, YouTube ló gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó sì rántí ẹni tó ń wò ó ní Ògbómọ̀ṣọ́: wákàtí kan ní 6,000, GB 2.7 ló jẹ, nínú dátà onítọ̀hún. Twitch kò ṣèlérí pé òun á gé àwòrán sí kékeré fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Bí wọ́n bá ṣe gbé e wá la ṣe máa gbé e jẹ.

Ìyá rẹ̀ ló parí ẹjọ́. Ó gbọ́ iye tí dátà ń jẹ lóṣù, ó ní kí ọmọ òun ṣe ohun tí Bọ̀ọ̀dá wí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á yọ iná. Ó bọ́ sí 1280 sí 720, àwòrán 30, bitrate 2,500. Ó yan ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Lanczos níbi tí OBS ti ń dín àwòrán kù. Mo bá a fa wáyà láti ara ráútà wọ yàrá, kí Wi-Fi yé gba inú ògiri méjì kọjá. Mo ṣí láìfù náà lórí fóònù tèmi, lórí dátà tèmi. Ewé kóríko dá yàtọ̀ síra. Mo rí nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì. Mo rí orúkọ tó wà lókè nọ́ńbà.

Real Madrid ló mú lálẹ́ ọjọ́ náà, Sheffield United lẹni tó ń bá a gbá mú. Kó tó di ìsinmi, góòlù mẹ́rin ti wọlé ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló hàn kedere, títí kan ibi tí gólì rẹ̀ ti fò sápá òsì nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ sápá ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nísàlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bẹ́ẹ ṣe ń gbá a látọjọ́ yìí nìyí?" Òmíràn fi ẹ̀rín mẹ́fà ránṣẹ́. Ọmọ náà bo ẹ̀rọ agbóhùn rẹ̀ lẹ́nu, ó yíjú sí mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ bá mi dá 1080 yẹn padà."