Ẹ Bá Mi Bi Ẹ̀rọ Náà Léèrè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí. Láti ìgbà tí mo ti dé láti etí òkun, orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní ọjà Tchaourou kì í ṣe èyí tí bàbá mi sọ mí mọ́. "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n" ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ tí kò tíì lè kà dé ogún á dúró lókèèrè, á kígbe pé, "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Ẹ̀rọ ló fà á.

Orúnkún ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo di iṣu Làbọkọ sẹ́yìn zẹ́mì, alùpùpù akérò wa, èmi fúnra mi tún gun orí iṣu, nítorí ahun ni mí, mi ò fẹ́ sanwó zẹ́mì méjì. Lójú ọ̀nà Papanè, kòtò kan tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹní mọ àna rẹ̀ gbé wa ṣubú. Iṣu kan ò kán. Orúnkún ọ̀tún mi ló gba gbogbo ìyà ọ̀hún jẹ.

Kiné, oníṣẹ́ ìtọ́jú iṣan, tó kọ́kọ́ tọ́jú mi, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀. Á ní kí n na ẹsẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà, á wá kọ máàkì sínú ìwé, láti òdo dé márùn-ún. Òdo ni ti ẹsẹ̀ tí iṣan rẹ̀ kò mira rárá, márùn-ún ni ti ẹsẹ̀ tó pé. Ó ní mo gba mẹ́rin. Mẹ́rin nínú márùn-ún! Ní gbogbo ọdún tí mo fi lọ sílé ìwé, mi ò gba irú máàkì bẹ́ẹ̀ rí. Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, orúkọ mi ì bá ṣì wà lọ́rùn mi.

Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ kiné ló bà á jẹ́. Ó ní, "Bàbá, mẹ́rin yẹn lè tàn yín o. Tí ẹsẹ̀ bá ti lágbára díẹ̀, ọwọ́ èèyàn kì í mọ ìyàtọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé yín lọ sórí ẹ̀rọ."

Ẹ̀rọ wo? Kò sí ní Tchaourou. Kò sí kọmúùnù tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó tiwa ní gbogbo Benin, ó lé ní 7,000 kìlómítà níbùú-lóòró. A bí ààrẹ, Boni Yayi, tó lo ọdún mẹ́wàá lórí àléfà. Iṣu wa ń bọ́ àwọn tí kò mọ ọ̀nà ibí. Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ mọ iye tí orúnkún rẹ kù, ìrìn tó ju 300 kìlómítà lọ sí etí òkun ni. Ojú irin Cotonou sí Parakou, 438 kìlómítà, gba àárín ìlú wa kọjá, àmọ́ ewúrẹ́ ló ń wọkọ̀ níbẹ̀ báyìí. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo na ẹsẹ̀ sáàárín ọ̀nà, gbogbo ẹni tó ń sọ̀ ló ń gun orúnkún mi.

Mi ò ní dárúkọ ibi tí mo lọ. Àga kan bíi ti onígbàjámọ̀ ni wọ́n fi mí lé. Wọ́n fi bẹ́líìtì méjì dè mí láyà, wọ́n fi ọ̀kan dè mí ní ìbàdí, ọ̀kan lórí itan, wọ́n wá so ọrùn ẹsẹ̀ mi mọ́ apá irin kan. Mo bi ọmọ àbúrò mi bóyá kíndìnrín mi ni wọ́n fẹ́ yọ. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ ní, "Bàbá, ẹ ta á sókè, kí ẹ fà á padà. Gbogbo agbára yín o!"

Mo ta á. Bí mo ti fi agbára sí i tó, bẹ́ẹ̀ ló dí mi tó. Mo rọra ta á, ó rọra dí mi. Mo fi ìbínú ta á, òun náà bínú. Ṣùgbọ́n kò yára sí i rárá: digírì 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò lé, kò dín. Ẹ wo irú ìwà bẹ́ẹ̀. Mo ti bá agbowó-orí pàdé, mo ti bá àna pàdé, mi ò tíì rí ohun tí ó ń fi ohun tí o fún un san án padà fún ọ báyìí, tí ojú rẹ̀ kò sì yí padà.

Ọmọ àbúrò mi ṣàlàyé, mo sì gbà pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé àpò iṣu rí mọ̀ pé àpò kan náà kì í wúwo bákan náà. Nílẹ̀, òkè ni. Tó bá dé itan, ó rọjú. Láti itan sí èjìká, ó tún di òkè. Nítorí náà, ibi tí o ti rọ jù lọ ló ń pinnu ohun tí o lè gbé; ibi tí o ti lágbára kàn ń ṣeré. Bí irin gbígbé ṣe rí nìyẹn. Ní 1945, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, Thomas DeLorme, ní kí àwọn sójà tó fara pa máa gbé irin nígbà mẹ́wàá-mẹ́wàá kí ẹsẹ̀ wọn lè padà bọ̀ sípò. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n irin ò mọ igun orúnkún. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, James Perrine ní New York yí ọ̀rọ̀ náà po: ó ní ká so ìyára mọ́lẹ̀, kí ẹrù máa tẹ̀ lé èèyàn. Ní 1967, òun àti Helen Hislop kọ ọ́ jáde fún àwọn oníṣẹ́ kiné, ilé iṣẹ́ Lumex sì ta ẹ̀rọ rẹ̀ lórúkọ Cybex. Lẹ́yìn náà ni Biodex àti àwọn mìíràn dé, tí wọ́n fi mọ́tò àti kọ̀ǹpútà sí i, débi pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè máa fa ẹsẹ̀ rẹ kí ìwọ máa dí i. Ọdún 1967 yẹn kan náà, lóṣù Kejìlá, ni àwọn ológun gbàjọba ní Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Benin wa nígbà náà. Àwọn kan ń wọn orúnkún, àwa ń pààrọ̀ ààrẹ.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: tí ó bá dùn ọ́, tí o sì dáwọ́ dúró, òun náà á dáwọ́ dúró, kò sí irin tí yóò já lé ọ lẹ́sẹ̀. Ó sàn ju zẹ́mì lọ níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n gbé ìyára lọ sí 180, wọ́n tún gbé e lọ sí 300, ẹsẹ̀ mi ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé nígbà tí ìdí mi wà lórí ìjókòó. Bí ìyára ṣe ń pọ̀ ni agbára tí ẹ̀rọ ń kà ń dín. Wọ́n ní bó ṣe rí fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Kò tù mí nínú.

Ìwé jáde. Òkè méjì ni wọ́n yà sí i. Ti ẹsẹ̀ òsì rí róbótó bí ebè tuntun. Ti ọ̀tún rí bí ebè tí màálù tẹ̀ láàárín. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: iṣan iwájú itan ọ̀tún fi ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti òsì. Wọ́n ní agbábọ́ọ̀lù tí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá ju mẹ́wàá lọ, kó má tíì padà sórí pápá.

Ta ló sọ fún wọn pé agbábọ́ọ̀lù ni mí? Ogójì ọdún ni mo fi kọ ebè, ẹsẹ̀ òsì ló máa ń wà níwájú, ọ̀tún á tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọmọ ọ̀dọ̀. Kò tíì sí ìgbà tí wọ́n jọra. Ẹ̀rọ náà ò béèrè. Kò sì sí iṣẹ́ kankan lóko mi tí a ń jókòó ta ẹsẹ̀ ṣe, kò sí ọkọ́ tó ń rìn ní digírì 60. Tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀n mí, kí wọ́n gbé e wá sóko lóṣù Kejìlá, kí èmi àti òun jọ kọ ebè.

Mo fi ìwé han ìyá àwọn ọmọ mi, ó di ti gbogbo ọjà. Obìnrin tó ń ra iṣu lọ́wọ́ mi ní ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dín mọ́kànlélọ́gbọ̀n, iṣu rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dín bẹ́ẹ̀. Mo wá sọ fún ọlọ́kọ̀ zẹ́mì pé níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ti dín, kó dín owó mi. Ó ní kí n sọ̀.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún mi kí n tó padà wá. Kí ni kí n máa ṣe ní Tchaourou tí kò sí ẹ̀rọ? Kiné ní kí ìyàwó mi di ẹ̀rọ. Kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí n máa na ẹsẹ̀, kí ó fi ọwọ́ dí i ní ọrùn ẹsẹ̀, kó jẹ́ kó máa gòkè ní ìyára kan náà, kó sì máa kà. Ẹ̀rọ etí òkun, ohun tí mo fún un ló ń dá padà. Ti ilé mi ń fi èlé kún un. Ó rántí owó páànù tí mo yá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní àná. Ó máa ń ka "mẹ́ta" lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé "mẹ́rin".

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni baálé agboolé ránṣẹ́ pè wá, èmi àti òun. Àgbà márùn-ún jókòó, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"A gbọ́ pé o ń ta ìyàwó rẹ nípàá láràárọ̀. Àwọn ọmọ rí ọ láti ojú ọgbà. Wọ́n ní ó tiẹ̀ ń kà á."

Mo ní ẹ̀rọ ni. Wọ́n ní ẹ̀rọ wo? Mo ní ìyàwó mi ni ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà ò dùn létí bí mo ṣe rò ó. Mo sáré lọ mú ìwé, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dín mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe lè sáré. Baálé gbà á, ó dorí rẹ̀ kodò, ó wo òkè méjèèjì títí. Ó bi mí pé ẹsẹ̀ wo ni mo fi ń ta á. Mo ní ọ̀tún.

"Èyí tí kò lágbára?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Ṣé ó máa ń dùn ọ́?"

"Ẹsẹ̀ yẹn kẹ̀? Rárá o, Bàbá. Ọmọ ewúrẹ́ wa ta mí jù bẹ́ẹ̀ lọ lánàá."

Wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Wọ́n sì bá mi kẹ́dùn.