Ọmọ Ẹlẹ́dẹ̀ Abẹ́ Aṣọ

Scrofa o! Ẹ̀yin ìdílé Tremellius, ará Róòmù àtijọ́,
láti Ìdèrè ni mo ti ń kí yín.
Àwa náà jẹ́ orúkọ tó toko wá.
Bàrà tí àwọn baba wa gbìn lọ súà ni wọ́n ní àwọn ará ìtòsí fi ń pè wá ní Ìbàràpá.
A ò tijú bàrà. Ọwọ́ wa la fi gbìn ín.
Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin tí ń jẹ́ Abo-ẹlẹ́dẹ̀, nítorí ohun tí Scrofa túmọ̀ sí lédè Látìn nìyẹn,
ẹlẹ́dẹ̀ ta lẹ fi gba orúkọ?

Mo kí baba yín tó wà lábà, òun, aya àtọmọ.
Ẹlẹ́dẹ̀ aládùúgbò ṣìnà, àwọn ẹrú baba yín jí i, wọ́n pa á.
Ẹni tó lẹran kó èèyàn yí abà ká, ó ní kí wọ́n dá ẹran òun padà.
Baba yín gbọ́. Baba yín kò dá nǹkan kan padà.
Ó ki òkú ẹran bọ abẹ́ aṣọ alábulẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ lé,
ó wá ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n tú u wò.
Wọ́n dé yàrá. Ó búra: kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú ilé òun àfi èyí tó wà nínú aṣọ yẹn.
Ó nawọ́ sí ibùsùn.
A-fòótọ́-bo-olè! A-faya-díwọ̀n-ẹran!
Ìbúra yẹn ló dorúkọ fún yín.

Macrobius tó kọ ìtàn náà kò dárúkọ obìnrin yẹn rárá, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn.
Ó sùn lé òkú ẹran, kò gbọdọ̀ mira,
ó ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń fi í wé ẹlẹ́dẹ̀ lójú àlejò.
Nílé tiwa, ìyàwó ilé á bi í pé: ta lò ń bá wí?

Gnaeus ọmọ yín, tó mọṣẹ́ oko dunjú, gbìyànjú láti tún ìtàn orúkọ náà ṣe.
Nínú ìwé tí Varro kọ lọ́dún 37 ṣáájú ìbí Jésù, Gnaeus ní Makedóníà ni baba baba òun ti gba orúkọ náà:
ọ̀gá rẹ̀, Licinius Nerva, fi ọmọ ogun sílẹ̀ fún un,
baba baba náà ní òun á tú ọ̀tá ká bí ìyá ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń tú ọmọ rẹ̀ ká, ó sì tú wọn ká lóòótọ́.
Ta ni wọ́n wá pè ní imperator, oyè aṣẹ́gun? Nerva.
Baba yín gbé orúkọ ẹlẹ́dẹ̀ relé.
Ẹni méje tẹ̀léra jẹ praetor nílé yín,
oyè consul tó wà lókè rẹ̀ kò yà sọ́dọ̀ ẹnì kan.
Ọmọ a-dénu-ọ̀nà-má-wọlé!

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Wọ́n wo ilé tiyín dé yàrá.
Ìyá tó wà lórí ibùsùn, ìwọ nìkan ni mo kí tọkàntọkàn.
Dìde kúrò lórí ẹran ẹlẹ́ran.