Ẹ Fi Káàdì Màmá Mi Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ilé, ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn ẹbí mi. Láti ìgbà tí káńsù ti fún màmá mi ní káàdì búlúù tí wọ́n ń pè ní Blue Badge ni mo ti di ìlúmọ̀ọ́ká. Àwọn tí wọn kò béèrè mi nígbà tí òtútù fẹ́ pa mí, wọ́n ti há nọ́ńbà mi sórí báyìí. "Àbúrò, Màmá ńkọ́? Ṣé ara wọn le?" Kí n tó ní a dúpẹ́, wọ́n ti bọ́ sórí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè: "Ẹ̀n-ẹ́n, ṣé wọ́n máa lo káàdì wọn yẹn ní Sátidé?"

Ṣé wọ́n máa lò ó! Àfi bí ẹni pé ìkòkò ìnáwó ni, téèyàn lè yá, kó fọ̀ ọ́, kó dá a padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ó ti pẹ́ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fún àwọn tí ìrìn ń ni lára ní irú káàdì yìí, láti 1971 ni. Aláwọ̀ ọsàn ni tẹ́lẹ̀, 2000 ló di búlúù. Tó bá ti wà níwájú gíláàsì ọkọ̀ yín, ẹ lè gbé ọkọ̀ sí àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aláàbọ̀ ara. Ẹ lè gbé e sétí títì tí àwọn ẹlòmíràn ń sanwó sí. Kódà, ní England, ẹ lè gbé e sórí ìlà yẹ́lò fún wákàtí 3, bí kò bá ti sí àmì pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já ẹrù níbẹ̀. Owó tí káńsù ń gbà lórí ẹ̀ níbí kò gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 10 lọ, ó sì lè lò tó ọdún 3. Ní ìlú tí owó páàkì ti ń jẹ owó ọbẹ̀, wúrà ni. Ẹni tó bá sì ní wúrà nílé, ẹ mọ̀ pé àlejò rẹ̀ á pọ̀.

Ẹ wá wo bí màmá mi ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe káàdì náà. Làkúrègbé ti jẹ orúnkún wọn méjèèjì. Màá ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, torí bí kò bá ṣí tán, ẹsẹ̀ ò lè jáde. Wọ́n á fọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síta. Wọ́n á sinmi. Wọ́n á pe Jésù. Wọ́n á gbé tòsì. Wọ́n á tún sinmi, wọ́n á wá bi mí pé ṣé mo ti jẹun, torí wọn ò fẹ́ kí n mọ̀ pé ó ń dùn wọ́n. Ìgbà yẹn ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọ̀pá sí wọn. Wọ́n á dìde díẹ̀, wọ́n á padà jókòó, wọ́n á tún gbìyànjú. Bí ọkọ̀ kan bá fún wa mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ètò yìí ti bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tó jẹ́ kí àyè yẹn fẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé káńsù fẹ́ràn wa jù.

Ní Sátidé kan, a dé ibi ìkómọ ní Old Kent Road. Àyè aláàbọ̀ ara méjì ló wà níwájú gbọ̀ngàn, jíìpù dúdú kan sì dábùú méjèèjì. Ẹni tó wà á bẹ́ sílẹ̀, ó gbé kúlà ìrẹsì lé èjìká kan, ó fi ọwọ́ kejì gbá páálí ẹlẹ́rìndòdò mọ́ra, ó sì fi eré gun àtẹ̀gùn. Mo wo gíláàsì iwájú: Blue Badge wà níbẹ̀ gbalaja. Mo dúró dè é, kí n lè bá a dúpẹ́ ìwòsàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni káàdì yìí?"

"Ti màmá ìyàwó mi ni."

"Wọ́n dà, kí n kí wọn?"

"Wọ́n ti lọ sí Ìbàdàn látèṣí."

Kò rẹ́rìn-ín o. Ó tún ní kí n bá òun gbé páálí tó kù.

Màmá wà n'Íbàdàn, wọ́n ń páàkì ní Lọ́ńdọ̀nù! Káàdì yìí, èèyàn ló ni ín, kì í ṣe ọkọ̀, kì í sì í ṣe ìdílé. Màmá mi lè gbé e wọ ọkọ̀ mi, wọ́n lè gbé e wọ ti àbúrò mi, wọ́n lè gbé e wọ takisí. Bí wọ́n bá ti wà nínú ìrìn àjò náà, ó ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá wà nílé tí mo lọ bá wọn gba oògùn, màá sanwó páàkì bíi gbogbo èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn orúnkún kan náà ni. Ó máa ń dùn mí wọnú egungun, ṣùgbọ́n mò ń san án. Ẹlòmíràn sì wà tó ti sin ìyá rẹ̀, tó ti jó, tó ti náwó, aṣọ ẹbí òkú ti gbó, ìyá ṣì ń bá a páàkì ní Peckham. Bẹ́ẹ̀ dídá ni wọ́n ń dá káàdì olóògbé padà fún káńsù.

Àwọn ọlọ́gbọ́n inú ẹbí mi tún gbé òmíràn dé. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé Màmá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ni, kò burú, ẹ jẹ́ kí Màmá wà níbẹ̀. Ká gbé wọn sínú ọkọ̀, ká bu ìrẹsì fún wọn, ká tan rédíò sí wọn, káwa wọlé lọ jó. Ìwé tí ìjọba fi ń ṣàlàyé káàdì náà ti mọ irú wọn tẹ́lẹ̀: ó ní kí ẹni tó ni káàdì má ṣe jókòó sínú ọkọ̀ kí àwọn tára wọn le wá máa fi jẹ̀gbádùn. Mi ò tíì kà á fún wọn tán tí Màmá fi dáhùn látorí àga: "Àjàní, ṣé èmi ni rìsíìtì ọkọ̀ yín ni?"

Aago páálí tó máa ń bá káàdì náà rìn ńkọ́? Lórí ìlà yẹ́lò, ẹ gbọ́dọ̀ yí i sí àsìkò tẹ́ ẹ dé. Mo ti rí ẹni tó fi ijó sílẹ̀ láàárín òde, tó sáré jáde lọ yí aago síwájú, tó sì sáré padà kí wọ́n tó pín ẹran. Ẹnì kan tún yá káàdì ẹni ẹlẹ́ni, ó gbé e lọ sí Westminster, kò mọ̀ pé ètò náà kò múlẹ̀ níbẹ̀ bó ṣe múlẹ̀ níbòmíràn. Westminster, City of London, Kensington and Chelsea àti apá kan Camden ní ìlànà tiwọn. Tíkẹ́ẹ̀tì dé. Ó ní kí ẹni tó yá òun ní káàdì wá bá òun dá sí i.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyí. Fọ́tò Màmá wà lẹ́yìn káàdì, ẹ̀yìn yẹn ló sì ń dojú bolẹ̀ nínú ọkọ̀, ìyẹn ni wọ́n fi rò pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà tí wọ́n ti ṣòfin tuntun ní 2013, bí òṣìṣẹ́ káńsù bá bá káàdì lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe tiẹ̀, ó lè gbà á lójú ẹsẹ̀. Owó ìtanràn lè tó pọ́n-ùn 1,000. Ẹ̀yin á sanwó, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ yín tó le gbọnyin rìn lọ sílé. Màmá mi ńkọ́? Wọ́n á jókòó sílé títí káńsù á fi dá káàdì padà, dókítà á sì máa retí wọn.

Àwọn tó ń lo káàdì ẹlẹ́ni yìí sì ti sọ gbogbo wa di ọlọ́pàá. Láti 30 oṣù kẹjọ ọdún 2019, ní England, ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò hàn sójú náà lè gba káàdì yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ìjọ wa tó ń bọ́ sílẹ̀ láìsí ọ̀pá. Àwọn ìyá ìjọ a máa fojú sin ín wọlé. Ọ̀kan tiẹ̀ bi í bóyá ojú ò tì í. Ó yọ káàdì, ó yí i padà, fọ́tò ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹnì kankan ò bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tára yín le, tí òde gbé yín dé Old Kent Road ní Sátidé, ẹ má pè mí. Bọ́ọ̀sì 453 ń gba ibẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru. Ẹ wé gèlè yín, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́.