Àjò Korò, Onílé Ò Relé

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Ohun tí wọ́n rí nígbà ayé wọn ni wọ́n sọ. Lójú tiwọn, adùn nìkan ló lè dá èèyàn dúró sí ìdálẹ̀: ẹran ìgbẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ẹmu ń dà, àna yọ̀ mọ́ ọn, ó wá ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la. Wọ́n fi òwe nà án pé kó dìde. Wọn ò ronú kan ìgbà tí àjò yóò korò bí omi ewé dongoyárò, tí onílé yóò jókòó tì í, tí yóò tún máa kọ̀wé pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bu ọjọ́ kún un fún òun.

Abẹ́ dongoyárò gan-an ni mo ti ń rò ó, ní Railway Quarters, Sábóngàrí Kano. Ibẹ̀ la máa ń jókòó sí bí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Àga onírin kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gé, búlọ́ọ̀kù la fi gbé e ró. Ẹni tó bá bọ́ sórí àga yẹn ladájọ́ ọjọ́ náà. Òun ló ń kéde ẹni tí físà jáde fún, ẹni tí wọ́n já kulẹ̀, ẹni tó ti pẹ́ lókè òkun tí kò fowó ránṣẹ́, àti ẹni tó tètè dé jù. Nínú gbogbo wọn, ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó tètè dé ló wúwo jù.

Ó sì yẹ kí àdúgbò wa mọ ọ̀rọ̀ àlejò ju adájọ́ kóòtù lọ. Ọdún 1911 ni ojú irin wọ Kano. Àwọn akọ̀wé, àwọn gáàdì, àwọn oníṣòwò tó bá a gòkè wá láti ìsàlẹ̀, ìjọba òyìnbó ò fẹ́ kí wọ́n gbé inú ìlú àtijọ́; wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi, ó di Sabon Gari, ìlú tuntun. Ní 1916, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fáwọn Haúsá n'Ìbàdàn, òun là ń pè ní Sábó. Haúsá ń ṣàlejò ní Sábó Ìbàdàn, Yorùbá ń ṣàlejò ní Sábó Kano, ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, ìlú ò sì yéé jẹ́ tuntun. Ẹni tí wọ́n sin baba baba rẹ̀ síhìn-ín, bí ọdún bá sún mọ́lé, yóò di ẹrù, yóò ní òun ń lọ ilé. Ilé wo? Ọ̀ffà. Ọjọ́ mélòó ló ń lò níbẹ̀? Mẹ́ta.

Ilé rélùwéè tí à ń gbé pàápàá, físà ni. Iṣẹ́ ló fúnni ní yàrá. Bíṣẹ́ bá tán, kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ padà. Bàbá kan wà láàárín wa tó ṣe gáàdì ọkọ̀ ojú irin, tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Wọ́n ní àwọn kàn ń dúró kí ẹrù àwọn pé kí àwọn tó kó lọ ni. Ẹrù ọ̀hún ò tíì pé. Bàbá yìí ló sì máa ń bú àwọn ọmọ òde òní jù pé wọn ò mọ ìgbà tó yẹ kí àlejò dìde.

Ìyá kan àti bàbá yìí ni wọ́n jọ ń gbé ojúlé kan náà. Gàrí ni ìyá ń tà lọ́jà Sábóngàrí, ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní Ìyá Onígàrí. Ọmọ wọn wà ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Ìyàwó ọmọ bí ìbejì, wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá. Físà ìgbafẹ́ ni wọ́n gbà. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ọ̀rọ̀ náà, ìgbafẹ́, nítorí afẹ́ tí ìyá lọ jẹ ni ìbejì wíwẹ̀, aṣọ fífọ̀, dòdò díndín, àti àìsùn.

A sìn wọ́n ní ìsìn ẹ̀yẹ. A dá ankara, a pe onílù, àdúrà gùn. Ẹnì kan ní ẹsẹ̀ tó lọ yìí kò ní í tètè bọ̀, a sì ké àmín títí àwọn ẹyẹ fi fò kúrò lórí dongoyárò. Ẹ ò rí i? Èpè la ṣe àmín sí.

Báàgì Ghana Must Go ni ìyá kó ẹrù sí: ẹ̀fọ́ gbígbẹ, èlùbọ́, ọṣẹ dúdú. Kò sẹ́ni tó rántí ibi tí báàgì yẹn ti rí orúkọ. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Ṣàgàrí fún àwọn àjòjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kúrò ní Nàìjíríà. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 gbà pé kí ọmọ ìlú kan wọ ìlú kejì láìgba físà fún 90 ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ti kọjá 90 ọjọ́ tipẹ́, wọn ò sì kà á. Irú báàgì yìí ni àwọn ará Gánà kó ẹ̀mí wọn sí. Ẹ̀san ni àwọn kan pè é, nítorí ní 1969, ìjọba Busia ní Gánà ti fún àwọn tiwa náà ní ọ̀sẹ̀ méjì láti rí ìwé ìgbélùú tàbí kí wọ́n kúrò. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjigbo àti Ọ̀ffà tí wọ́n ti ń tajà ní Kumasi láti ìgbà èwe, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n sùn lónílé, wọ́n jí lálejò. Ọjọ́ tí àlejò ò bá kà, onílé ń bá a kà á.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kíkà yìí ló dá ìjà sílẹ̀ lábẹ́ igi. A ti rí físà ìyá, a rí i pé ọjọ́ tó máa kú ṣì jìnnà. Adájọ́ tó wà lórí àga ní, "Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fún ìyá!" Bàbá gáàdì ló là wá lójú. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, tíkẹ́ẹ̀tì ló ń múni wọ ọkọ̀. Ta ló ní kẹ́ ẹ máa gbé inú ọkọ̀?"

Òótọ́ ni bàbá sọ. Físà ń mú ni dé ẹnu ọ̀nà ni. Ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ní pápákọ̀ òfuurufú ló ń dá ọjọ́ tí àlejò yóò lò, ó sì sábà máa ń jẹ́ oṣù mẹ́fà. Inú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-94 ló wà. Bákan náà ni ti ìlú ọba: ẹni tó gba físà ọlọ́dún mẹ́wàá kò lè lò ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan. Schengen ní 90 ọjọ́ nínú 180. Nígbà tí Amẹ́ríkà sì kéde ní oṣù keje 2025 pé ọ̀pọ̀ físà àlejò tí ọmọ Nàìjíríà bá gbà yóò jẹ́ ti oṣù mẹ́ta àti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, àwọn kan ní àdúgbò wa bú sẹ́kún pé oṣù mẹ́ta ò tó ṣeré. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n ní kéèyàn fi wọlé ni wọ́n ń fi sunkún ìgbé.

Ní oṣù kẹrin ìyá, ọmọ wọn ń sáré àtibu ọjọ́ kún ọjọ́. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní I-539, ìmọ̀ràn ìjọba sì ni pé kéèyàn ti fi sílẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ 45 kí gbèdéke tó pé. Ọmọ náà fi ohun tó kọ ránṣẹ́ sí mi kí n bá a wo gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Mo kà á, ẹnu yà mí. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wá gbafẹ́ ni pé: kí ló dé tó o fẹ́ pẹ́ sí i? Ètò wo lo ti ṣe láti lọ? Bó o bá pẹ́, kí ni yóò ṣe ilé rẹ àti iṣẹ́ rẹ nílé? Àbí òwe àwọn baba wa kọ́ nìyẹn, tí òyìnbó tẹ̀ sórí pépà?

Ọmọ dáhùn ìbéèrè kìíní pé ìyá òun ò tíì rí Amẹ́ríkà tán. Oṣù mẹ́rin, Walmart àti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá ti rí. Owó ilé ìtọ́jú ọmọ fún ìbejì ló ń dààmú ọmọ, àmọ́ fọ́ọ̀mù ò ní ojú ibi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí yóò ṣe ilé àti iṣẹ́ ìyá, ó kọ ọ́ pé: kò sí.

Kò sí! Ìsọ̀ gàrí wà. Àwọn tó jẹ ìyá ní gbèsè wà, wọ́n sì ń gbàdúrà kí wọ́n bu ọjọ́ kún un. Èésú àwọn ìyálọ́jà ti fẹ́ yí kan ìyá. Mo pa á rẹ́, mo kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí síbẹ̀. Ọmọ fi ránṣẹ́ padà pé, "Bùrọ̀dá, èyí á jẹ́ kí wọ́n rò pé màmá ní ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ padà sílé." Mo ní, ohun tí wọ́n ń béèrè nìyẹn, àbúrò.

Lọ́jọ́ kan, aago márùn-ún ìdájí, ìyá fúnra wọn pè mí. Òru aago mọ́kànlá ni lọ́hùn-ún. Ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ kí ìbejì má baà jí.

"Ta ló ń gbá iwájú ilé mi?"

"Èmi ni, mà."

"O ò mọ̀ ọ́n gbá. Ọ̀dọ̀ dongoyárò ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Ládàánì bẹ̀rẹ̀ sí í pèrun lẹ́yìn ilé. Mo fẹ́ pa fèrèsé dé, ìyá ní, "Má pa á dé. Gbé fóònù síbẹ̀ fún mi." Onígbàgbọ́ ni wọ́n o. Mo gbé fóònù sójú fèrèsé, ìyá sì gbọ́ ìpè náà látòkèdélẹ̀ ní Houston, bí ẹni tí wọ́n ń ki oríkì rẹ̀.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún ọmọ pé àwọn fẹ́ wálé. Wọ́n ní, "Ọmọ mi kọ́ ni mo ń bẹ̀rù, ẹ̀yin ni. Ṣé ẹ máa gbà pé wọn ò lé mi ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀, nítorí mo ti gbọ́ ẹjọ́ náà lórí àga onírin. "Oṣù mẹ́fà péré? Á jẹ́ pé ìyàwó ọmọ ò gbà wọ́n." "Wọ́n ti dá wọn padà ni." Àwa tí a lùlù fún ìyá la ti gbé ìlù sọ́wọ́ dè wọ́n. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ẹnu wa ló ń bu ọjọ́ kún físà ju fọ́ọ̀mù lọ. Ará Kano tó mọ tàkàrí, àwọn tó bá hájì wọ Sáúdí tí wọ́n dúró síbẹ̀ láìníwèé, mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn ni ojú ilé ń tì ju ojú ọlọ́pàá lọ. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà òfin 1996, ẹni tó bá fi ju 180 ọjọ́ kọjá gbèdéke kó tó kúrò, ọdún mẹ́ta ni yóò fi ronú lóde kó tó lè padà wọlé. Bó bá pé ọdún kan, ọdún mẹ́wàá ni. Èèyàn mọ èyí, yóò sì dúró, nítorí ọdún mẹ́wàá òyìnbó ní òpin, yẹ̀yẹ́ abẹ́ dongoyárò ò ní.

Ìyá ò dúró gbọ́ èsì fọ́ọ̀mù. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ wọn pé, wọ́n lo àbọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Alẹ́ ni bàálù gbé wọn dé pápákọ̀ Málàm Aminu Kano, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìró ìgbálẹ̀ ló jí mi láàárọ̀. Ìyá Onígàrí ti wà níwájú ilé, ọ̀dọ̀ dongoyárò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá gáàdì ló kọ́kọ́ yọ, pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Wọ́n wo ìyá, wọ́n wo báàgì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kú àbọ̀ ò jáde.

"Ìyá, ìgbà wo lẹ ń padà?"

Ìyá ò gbé orí sókè. Wọ́n gbá ewé kan kúrò lábẹ́ àga onírin.

"Mo ti padà."