Eléyín-má-rẹ́rìn-ín: Oríkì Jíà Pọ́ǹpù Dísù

Ẹyìn ti ń kẹ̀ ní ẹbu kan lẹ́bàá ọ̀nà Igbótako. Wọ́n ti gé e, wọ́n ti ṣà á jọ, ẹ̀rọ tí yóò fún epo rẹ̀ ló kù. Ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ nítorí jẹnẹrétọ̀ dúró. Jẹnẹrétọ̀ dúró nítorí síìlì iwájú pọ́ǹpù ti bàjẹ́, dísù ń jò wọ inú epo ẹ́ńjìnnì, epo tó yẹ kó ki ti ń ṣàn bí omi. Síìlì kò ṣeé pààrọ̀ láìtú pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù kò ṣeé tú, nítorí jíà tó jókòó lórí ṣáàfù rẹ̀ ní òun ò lọ síbì kan. Bí eyín ṣe dá ẹyìn dúró nílẹ̀ Ìkálẹ̀ nìyẹn.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, jíà kan ṣoṣo lẹ ń bẹ̀ láti àárọ̀?” Màmá tó ni ẹbu ló béèrè.

“Ẹ má bínú, Màmá. Ó ti lẹ̀ ni.”

Ọ̀gá mẹkáníìkì ti bú jíà náà títí, èébú ò ràn án. Ló bá yí ohùn padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbè é lẹ́sẹ̀, àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹyìn náà sì ń fi tiwọn kún un. Bí oríkì ọ̀hún ṣe gbilẹ̀ rèé.

Jíà pọ́ǹpù, Kábíyèsí, ẹ kú ìjókòó! Eléyín-má-rẹ́rìn-ín. O to eyín yípo gbogbo ara, o ò lẹ́nu. Ọmọ ọwọ́ yọ eyín méjì péré, ó ń fi rín sí baba rẹ̀. Ìwọ léyín tí a ò lè kà tán, a ò rí ẹ̀rín rẹ rí. O léyín, o ò jẹ púpurù. O léyín, o ò fẹnu kan gààrí. Owó ni wọ́n ń sè fún ẹ. O jẹ owó àjọ ẹlẹ́bu, o jẹ owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, o jẹ owó aṣọ ẹbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, o jẹ ẹ́ tán, o ò rin pákò. Eléyín tó dá ẹlẹ́yìn dúró, tó ní kí ẹlẹ́yìn máa wẹ̀yìn. Àwọn tó kù nínú ẹ́ńjìnnì ń yí nítorí iṣẹ́, ìwọ ń yí nítorí ká lè máa wò ẹ́.

Kí wọ́n má parọ́ mọ́ ọn, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ mú ẹ́ńjìnnì Cummins 6BT, oní-sílíńdà mẹ́fà. Tó bá ń wa jẹnẹrétọ̀ oní-50 Hz tiwa, kíráńkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí nígbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, jíà pọ́ǹpù a yí lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ìgbà 750. Nínú yíyí kọ̀ọ̀kan, pọ́ǹpù ní láti tu dísù sí sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ní ètò 1-5-3-6-2-4. Ìtu 4,500 ni láàárín ìṣẹ́jú kan, ìkankan nínú wọn kò sì gbọdọ̀ yá jù tàbí kó pẹ́ jù. Bí eyín kan bá kúrò ní àyè rẹ̀, ẹ́ńjìnnì a máa kan gbà-gbà-gbà tó bá ṣáájú, a máa tú èéfín funfun tó bá rẹ̀yìn, ẹ̀rọ tó yẹ kó gbé ẹbu á wá máa gbé ìbànújẹ́ kiri.

Orúkọ kejì tí ọ̀gá fún un ni Alẹ̀mọ́ṣáàfù. Orí ṣáàfù pọ́ǹpù VE tí Bosch ṣe kò gún dọ́gba. Ó tóbi nídìí, ó tín-ín-rín lórí. Ihò àárín jíà náà rí bákan náà. Bí wọ́n bá ti fi nọ́ọ̀tì fún jíà wọ ibẹ̀, irin á di irin mú. Kíì kékeré tó wà láàárín wọn kàn ń fi ibi tí jíà yóò jókòó sí hàn ni. Ìdìmọ́ra irin méjèèjì ló ń gbé ẹrù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè tú nọ́ọ̀tì kúrò pátápátá tí jíà ò ní mira. Nọ́ọ̀tì lọ, ó jókòó. Wọ́ṣà lọ, ó jókòó. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó jókòó. Wọ́n bú u, ó tún ìjókòó ṣe. Alẹ̀mọ́ṣáàfù, alẹ̀mọ́pò, alẹ̀mọ́yè! Sáà pé, kò mọ̀ pé sáà pé. Ká ní ó mọ̀wé ni, wọn ì bá ti dìbò fún un.

Ààfin rẹ̀ wà níwájú ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn ìdérí kékeré kan. Ẹni tó mọ̀ṣẹ́ kì í já wọ ibẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fi sípánà yí kíráńkì lọ́wọ́ títí písítìnnì àkọ́kọ́ yóò fi dé òkè téńté, tí fáàfù rẹ̀ méjèèjì sì pa dé. Yóò fi ọ̀dà funfun sàmì sí eyín tó wọnú ara wọn. Lẹ́yìn náà ló máa ki àkísà sí abẹ́ jíà, kó tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì. Àkísà yẹn kì í ṣe fáàrí. Wọ́ṣà tó bá já bọ́ sínú ilé jíà ti di ayálégbé tí kì í san owó ilé. Ọjọ́ tó bá há sáàárín eyín, ẹ́ńjìnnì ló máa sanwó.

Lójú jíà, ihò méjì wà tó gba bóòtì. Ibẹ̀ ni púlà ti ń dì í mú, tí bóòtì àárín á máa ti orí ṣáàfù sẹ́yìn. Púlà nìkan ni Alẹ̀mọ́ṣáàfù ń dọ̀bálẹ̀ fún. Àmọ́ púlà ọ̀gá wà lọ́wọ́ ẹlòmíì n'Ílùtìtun. Ọmọ iṣẹ́ kan ti gbé òòlù àti ṣísù.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹyọ kan.”

“Gbé e sílẹ̀! Ìwọ lo máa ra ilé jíà fún Màmá?”

Òótọ́ ló sọ. Àlùmíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ilé jíà lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ṣísù tí wọ́n bá fi gbọ̀n ọ́n níbẹ̀ a máa sán an. Òòlù a máa ká eyín jíà, a máa tẹ ṣáàfù, a sì máa sọ síìlì tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ di odidi pọ́ǹpù tí wọ́n gbọ́dọ̀ rà. Ọ̀kadà ló gbéra lọ mú púlà wá.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ dúró díẹ̀. Ní Ọmọ́tóṣọ̀ọ́, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa kan náà tí Igbótako wà, ilé iṣẹ́ amúnáwá kan wà tí wọ́n ṣí ní 2007, tí wọ́n kọ́ láti mú mẹ́gáwáàtì 335 wá. Wọ́n tún kọ́ òmíràn tì í. Iná gba orí wáyà ńlá, ó lọ sí ibi tó ń lọ. Òkìtìpupa, Ìrèlè, Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò wà lókùnkùn fún ohun tó lé ní ọdún 10, wọ́n ní gbèsè owó iná ló fà á. Gbèsè ta ni? Ẹni tó ń san owó iná déédéé àti ẹni tí kò san rí, wáyà kan náà ni wọ́n já mọ́ wọn lórí. Dísù ló wá kù fún ẹlẹ́bu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, lítà rẹ̀ kan kò tíì pé 300 náírà; kí 2024 tó dé ìdajì, ó ti kọjá 1,000. Ìtìjú ni pé ẹni tí iná ń ti àdúgbò rẹ̀ jáde ní láti máa bẹ jíà kó tó lè fún epo.

Ohun tó tún bíni nínú ni pé epo tí wọ́n ń fún yẹn gan-an lè wa ẹ́ńjìnnì. Ní Paris ní 1900, níbi ìpàtẹ àgbáyé, ẹ́ńjìnnì irú èyí tí Rudolf Diesel ará Jámánì dá sílẹ̀ jó epo ẹ̀pà. Ní 1937, Chavanne, ti Yunifásítì Brussels, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bí wọ́n ṣe lè po epo pupa mọ́ ọtí kó lè dà bíi dísù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀sì kan fi irú rẹ̀ rìn láti Brussels dé Louvain. Bọ́ọ̀sì àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ti fi epo ọ̀pẹ rìnrìn àjò kí ẹbu Igbótako tó máa wá dísù kiri.

Púlà dé. Bóòtì méjì wọlé, ọ̀gá ń fún ti àárín: ìlàjì yíyí, ó dúró, ìlàjì yíyí, ó dúró. Ó wá fi òòlù kékeré kan orí bóòtì náà. Pàú! Jíà bọ́, ó fara ti ìdérí, eyín rẹ̀ ṣì wọnú eyín aládùúgbò rẹ̀, kò lọ jìnnà. Àní nígbà tí wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, kò kúrò láàfin. Wọ́n fa pọ́ǹpù jáde lẹ́yìn, wọ́n pààrọ̀ síìlì, wọ́n dá a padà sójú àmì, wọ́n da epo tó ti dàpọ̀ mọ́ dísù nù, wọ́n tú afẹ́fẹ́ inú páìpù dànù, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn.

Ọ̀gá kọ owó síìlì, owó epo tuntun, owó ọ̀kadà, owó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Màmá wo ìwé náà títí.

“Yọ ìdajì owó iṣẹ́ kúrò,” ló wí. “Gbogbo ọ̀sán lo fi ń kì í. Ta ló bẹ̀ ẹ́ ní oríkì?”