Òǹkọ̀wé Yín Ń Lọ Pákó

Etí ni àléébù bọ́ọ̀dù. Ojú rẹ̀ lè máa dán, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi ayùn là á, èérún igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ á hàn síta, bí omi bá sì kàn án, ó wú nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn káfíńtà fi ń lẹ tépù mọ́ ọn létí. Ní iléeṣẹ́ ńlá, ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè ra èyí tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ sí lẹ́yìn, kó fi áyọ́ọ̀nù ilé tẹ̀ ẹ́: ooru á yọ́ gọ́ọ̀mù náà, bó bá tutù, á le gbagidi.

Nínú gbogbo àlàyé yìí, áyọ́ọ̀nù nìkan ni òǹkọ̀wé yín gbọ́. Ó ní ẹni tó ń lọ agbádá fúnra rẹ̀, kí ni yóò fi ṣẹ́ẹ̀fù ìwé ṣe tí kò ní í dára?

Bọ́ọ̀dù rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 18, tépù sì fẹ̀ tó 22. Ó yẹ kí tépù yọ díẹ̀ lókè, kó yọ díẹ̀ nísàlẹ̀, kí wọ́n wá gé àṣẹ́kù dànù. Ọkùnrin yìí kò fẹ́ràn àṣẹ́kù. Ó to tépù náà mọ́ etí kan gẹ́lẹ́. Bí gọ́ọ̀mù ṣe yọ́, tépù yọ̀, ó sì fi etí kejì sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Omi ṣì wà nínú áyọ́ọ̀nù. Ó tú ooru fùù lé bọ́ọ̀dù lórí. Etí tí wọ́n ra tépù láti gbà lọ́wọ́ omi, òǹkọ̀wé ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un lómi mu.

Ẹ̀rù iná wá bà á, ó yí áyọ́ọ̀nù sí àmì tó kéré jù, èyí tó ní ẹyọ tótó kan, tí kì í gbóná ju nǹkan bí 110 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ. Gọ́ọ̀mù kò mira. Inú bí i, ó yí i sí tótó mẹ́ta, ìyẹn nǹkan bí 200, tí a fi ń lọ aṣọ òwú. Fóònù dún. Kó tó sọ pé òun ń bọ̀, tépù funfun ti di aláwọ̀ ẹ̀wà díndín. Ó fi abẹ gé èyí tó kù nígbà tó ṣì gbóná. Gọ́ọ̀mù ń fà yọọrọ, tépù ń tẹ̀ lé abẹ lọ.

Kò fi tákàdá sáàárín, nítorí náà gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìdí áyọ́ọ̀nù. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ gbé e lé bùbá funfun.

"Bàbá Tósìn, ta ló fi ọbẹ̀ ewédú sí ìdí áyọ́ọ̀nù mi?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe káfíńtà àdúgbò. Ó gé ibi tó wú kúrò. Ó gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé tépù tó bàjẹ́, gọ́ọ̀mù yọ́ padà, ó sì bó o wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ lẹ, ó fi iwájú ṣe ìkẹyìn kí tépù rẹ̀ lè bo ojú oríkèé. Ó ń fi igi pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi tutù, lẹ́yìn náà ló tó mú abẹ àti sáńpépà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá yín ṣe ti tẹ́lẹ̀?"

"Ọmọkùnrin kan báyìí ni," òǹkọ̀wé dáhùn.

"Ẹ má sanwó fún un o."

"A ò san kọ́bọ̀," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn láti ìdáná. "Oúnjẹ nìkan ló jẹ."